Ẹ Sọ̀rọ̀ Kí Bàálù Tó Gbéra: Ìkìlọ̀ fún Àwa Ará Ìkẹjà àti Agége

Ẹni tó bá ń ti Ìbàdàn bọ̀ wá wọ bàálù ní Ìkẹjà kì í fi àkókò ṣeré. Ó mọ̀ pé ọ̀nà márosẹ̀ kò ṣeé fọkàn tán, nítorí náà á ti wọ Èkó láti ìrọ̀lẹ́ àná, á sùn sọ́dọ̀ ẹbí ní Ògbà tàbí Dòpèmú, ilẹ̀ á sì mọ́ bá a nítòsí. Ẹni tí àyà mi ń já fún ni ẹni tó ń gbé Agége fúnra rẹ̀, tí bàálù ń kọjá lórí òrùlé rẹ̀ tọ̀sán-tòru, tó sì ti gbà lọ́kàn pé pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed kò ju ẹ̀yìnkùlé òun lọ. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni bàálù rẹ̀ máa gbéra lọ sí Àbújá. Aago márùn-ún ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọn omi ìwẹ̀. Ó ní ṣebí Ìkẹjà náà nìyí. Irú wọn ni mo ń kọ èyí sí, torí pé àwa tí a sún mọ́ ibẹ̀ jù la máa ń fojú di ọ̀nà ibẹ̀ jù.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé owó tó ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn nígbà tí bàálù bá fi í sílẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í ṣe nítorí pé ó pẹ́ nìkan. Ó pẹ́, ó sì tún dákẹ́. Ẹni tó pe ilé-iṣẹ́ bàálù kí bàálù tó gbéra àti ẹni tó pè wọ́n lẹ́yìn tó ti gbéra, ojú kan náà kọ́ ni wọ́n fi ń wò wọ́n. Màá ṣàlàyé ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ti ojú ọ̀nà tiwa bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó wà láàrin Pen Cinema àti ẹnu ibodè tí wọ́n ti ń gba owó ọkọ̀ ní pápákọ̀. Òótọ́ ni pé afárá Pen Cinema tí wọ́n ṣí lọ́dún 2021 ti dín ìyọnu oríta yẹn kù, afárá tó gba orí ojú irin kọjá ní Ìkẹjà náà sì ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ dídúró de réluwé. Ṣùgbọ́n afárá kò ní kí dánfó má dúró gba èrò láàrin títì ní Ìkẹjà Along. Láàárọ̀ kùtù, àwọn tó ṣiṣẹ́ òru ní àwọn ilé-iṣẹ́ Ọba Akran, Wempco àti Acme ń jáde, àwọn tó fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ń wọlé, trélà tó gbé ẹrù wá láti Apápá ń wá ibi tí yóò yà sí, gbogbo wọn sì wà lójú títì ní wákàtí kan náà. Tí trélà kan bá kọṣẹ́ ní Cement tàbí Mángóró, kò sí ẹni tó lè sọ ìgbà tí ọ̀nà máa là. Tí òjò bá tún wá rọ̀ mọ́ ọn, ọ̀nà tí a máa ń fi ogún ìṣẹ́jú rìn lè gbà ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ. Ẹni tó ń ti Aláúsá tàbí Allen bọ̀ kò bọ́ níbẹ̀, torí pé Mobolaji Bank Anthony ń dúró dè é, ọ̀nà tó jẹ́ pé tí ilẹ̀ bá ti mọ́ díẹ̀ báyìí, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn.

Réluwé Red Line tí Ààrẹ Tinubu ṣí ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2024, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ń dúró ní Agége àti Ìkẹjà, kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ gosíló. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àkókò tó ń gbéra láti alẹ́ àná, kí ẹ sì ti fi owó sórí káàdì Cowry yín, torí pé tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ ní Ìkẹjà, ẹ ṣì máa wá kẹ̀kẹ́ tàbí takisí tó máa gbé yín dé pápákọ̀ gan-an.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹni tó ń gbé láàrin Agége, Ògbà àti Ìkẹjà ṣe bí ẹni pé Ìkòròdú ló ti ń bọ̀. Fún bàálù abẹ́lé, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín tẹ inú pápákọ̀ ní wákàtí méjì ṣáájú. Fún ti òkèèrè, wákàtí mẹ́ta ló kéré jù. Lásìkò ọdún Kérésì, nígbà tí àwọn ará wa láti Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà bá kún ibẹ̀ bámúbámú, mẹ́rin ló ń fini lọ́kàn balẹ̀. Ìgbà tí ẹ máa dé ibẹ̀ ni mò ń kà o, kì í ṣe ìgbà tí ẹ máa jáde nílé.

Ẹ tún mọ ilé tí ẹ ń lọ. Orúkọ kan ni pápákọ̀ yìí ń jẹ́, ṣùgbọ́n ilé tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Ti òkèèrè ní èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 1979, ó sì ní tuntun tí Ààrẹ Buhari ṣí ní oṣù Kẹta ọdún 2022. Ti abẹ́lé ní MMA2 tí ilé-iṣẹ́ Bi-Courtney kọ́ sí ibi tí èyí tó jóná lọ́dún 2000 wà tẹ́lẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2007. Ó tún ní èyí tí àwọn onímọ́tò ń pè ní GAT, tí tẹ́mínà Zulu wà nínú rẹ̀. Láti ọ̀kan sí èkejì kì í ṣe ohun tí à ń fẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú àpótí lórí. Ilé-iṣẹ́ bàálù sì lè kó kúrò ní ọ̀kan lọ sí òmíràn, nítorí náà ẹ má ṣe gbára lé ibi tí ẹ ti wọ̀ ọ́ lọ́dún tó kọjá. Ẹ ka tíkẹ́ẹ̀tì yín, kí ẹ sì sọ orúkọ tẹ́mínà náà fún awakọ̀ kí ó tó gbéra, torí “pápákọ̀” nìkan kò tó fún un.

Aago tí wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì wá jẹ́ ìgbà tí táyà bàálù máa yí. Kì í ṣe ìgbà tí wọ́n ń retí yín. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń gbé èrò lọ òkèèrè ló ń ti káńtà pa nígbà tó bá ku wákàtí kan. Ti abẹ́lé tún sún mọ́ ìgbà tí bàálù ń gbéra díẹ̀ sí i, ó lè jẹ́ ọgbọ̀n tàbí ogójì ìṣẹ́jú, oníkálukú sì ní tirẹ̀. Lẹ́yìn káńtà, àyẹ̀wò ẹrù àti ti ara ń bẹ, géètì náà sì tún ní ìgbà tirẹ̀ tó ń tì.

Ẹ lè rí i láàárọ̀ ọjọ́kọ́jọ́ tí ẹ bá dúró nítòsí káńtà. Ìyá kan á sáré wọlé, gèlè á ti yẹ̀ lórí rẹ̀, ọmọkùnrin tó bá a ru àpótí á máa mí hẹlẹ lẹ́yìn rẹ̀.

“Jọ̀ọ́, ọmọ mi, Àbújá ni mò ń lọ.”

Ọmọbìnrin tó jókòó ní káńtà á wo ojú ẹ̀rọ, á ní, “Ẹ má bínú, mà. A ti tì í.”

“Ẹ ti tì í báwo? Bàálù yẹn ṣì wà níta. Mò ń wò ó!”

Òótọ́ ni ìyá sọ, bàálù wà níta. Ohun tí kò rí ni ìwé tó ti kúrò lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ káńtà. Nígbà tí wọ́n bá ti káńtà, wọ́n á ka iye èrò, wọ́n á ro ìwọ̀n ẹrù àti epo pọ̀, wọ́n á fi ṣírò bí bàálù ṣe máa dúró déédéé nígbà tó bá ń gbéra, wọ́n á sì gbé ìwé náà fún awakọ̀ kí ó fọwọ́ sí i. Tí wọ́n bá ní kí èèyàn kan wọlé lẹ́yìn ìyẹn, ìṣirò náà lè ní láti tún bẹ̀rẹ̀, àyè tí wọ́n fún bàálù láti gbéra sì lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọbìnrin yẹn kò ní agbára láti ṣí i padà, bó ti wù kí àánú ṣe é tó. Ẹ̀bẹ̀ tí a ń bẹ̀ ẹ́ fún ìdajì wákàtí kò ṣe ju pé ó ń jẹ àkókò tó yẹ ká fi wá àyè sínú bàálù tó kàn.

Ẹni tó ti fi àpótí rẹ̀ sílẹ̀ ní káńtà, tó wá lọ ń ra nǹkan kiri tàbí tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù títí géètì fi tì, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò ní gbé àpótí rẹ̀ lọ láìsí òun. Wọ́n á tú ikùn bàálù, wọ́n á wá a jáde, gbogbo èrò á sì máa dúró. Ìdí wà fún un. Ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1988 ni bọ́ǹbù tó wà nínú àpótí kan fọ́ bàálù Pan Am 103 sí wẹ́wẹ́ lórí ìlú Lockerbie ní Scotland, tí èèyàn 270 sì kú, nínú bàálù àti nínú ilé wọn. Àpótí náà wà nínú bàálù, ẹni tó ni ín kò sí níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọn kò ti fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú àpótí tí kò ní olówó mọ́.

Ipò kì í sì í ṣí káńtà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 2025, ní tẹ́mínà Zulu níbí, Sẹ́nétọ̀ Adams Oshiomhole, tó ti ṣe gómìnà Ẹdó rí, kò rí bàálù Air Peace tó ń lọ Àbújá láàárọ̀ wọ̀. Sẹ́nétọ̀ ní òun ti ṣe ṣẹ́kíìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì fẹ̀sùn kan ilé-iṣẹ́ náà pé wọ́n ń ní kí àwọn tó ṣẹ́kù sílẹ̀ san owó kún owó. Ilé-iṣẹ́ náà ní ó pẹ́ dé ni, pé àwọn ti parí gbígba èrò. Ọ̀rọ̀ di ariwo, gbogbo ìwé ìròyìn gbé e. Èmi kò dá ẹjọ́ láàrin wọn. Ohun tó yẹ kí èmi àti ẹ̀yin rí níbẹ̀ ni pé bàálù náà lọ, àti pé ṣẹ́kíìn orí fóònù kì í ṣe ìwé ẹ̀rí pé wọ́n máa dúró deni. Ó ń gbani lọ́wọ́ ìlà káńtà, pàápàá tí ẹ kò bá ní ẹrù tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣì gbọ́dọ̀ dé géètì kí ó tó tì.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ, ni ti olórin K1 De Ultimate àti ilé-iṣẹ́ bàálù ValueJet ṣẹlẹ̀ ní Àbújá. Aáwọ̀ lórí flásíkì tó gbé dání ló fà á, ó sì dé iwájú bàálù tó fẹ́ gbéra. Wọ́n fi òfin de gbajúgbajà olórin wa láti má wọ bàálù fún àkókò kan, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ bàálù méjèèjì náà fúngbà díẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ohunkóhun tó bá bí yín nínú, ẹ má ṣe jẹ́ kó gbé yín dé ibi tí bàálù ń gbà. Ẹ̀mí lè bọ́ níbẹ̀.

Wàyí o, kí lẹ lè ṣe? Tí ẹ bá ti rí i lójú ọ̀nà pé ó ṣòro kí ẹ tó bá a, ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá dé. Inú ọkọ̀ níbẹ̀, kódà kó jẹ́ inú kórópe, ẹ pe ilé-iṣẹ́ bàálù náà tàbí kí ẹ wọ orí áàpù wọn, kí ẹ ní kí wọ́n sún yín sí èyí tó kàn. Níwọ̀n ìgbà tí bàálù kò tíì gbéra, orúkọ yín ṣì lè wà láàyè nínú kọ̀ǹpútà wọn, ẹ sì lè rí i pé owó àyípadà nìkan ni wọ́n máa gbà pẹ̀lú ìyàtọ̀ tó wà láàrin owó tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì. Tó bá ti gbéra tí ẹ kò sọ nǹkan kan, kọ̀ǹpútà á kọ ọ́ pé ẹ kò yọjú. No-show ni wọ́n ń pè é. Owó rẹ̀ máa ń wọ́n ju ti àyípadà lọ, tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tí kì í gba àtúnṣe sì lè bá a lọ pátápátá.

Ibẹ̀ kọ́ ni ewu rẹ̀ pin sí o. Ẹ fọkàn sí èyí dáadáa, torí òun ló ń pa àwọn tó ń lọ òkèèrè lẹ́kún jù. Ẹnì kan ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀, Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù. Bàálù àlọ fi í sílẹ̀ ní Ìkẹjà. Inú bí i, ó kúrò níbẹ̀ láìbá wọn sọ nǹkan kan, ó ra àlọ nìkan lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ kejì, ó ní ṣebí àbọ̀ òun ṣì wà lọ́wọ́ òun. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Peckham. Ọjọ́ tó fẹ́ padà, ó dé Heathrow, wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀, wọ́n ní kò sí níbẹ̀. Kì í ṣe jìbìtì. Lọ́pọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù, tí èèyàn kò bá yọjú fún apá àkọ́kọ́ nínú tíkẹ́ẹ̀tì, gbogbo ìyókù á pa rẹ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní káńtà Ìkẹjà, pé “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa àbọ̀ mi mọ́,” kí wọ́n sì fi ìmeèlì tì í lẹ́yìn, lè gbà á sílẹ̀.

Ọ̀ràn àwọn tó ń bá wa ra tíkẹ́ẹ̀tì náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Agége àti Ìkẹjà kì í ra tíkẹ́ẹ̀tì fúnra wa; a ní ẹnì kan tó ní ṣọ́ọ̀bù, a san owó fún un, ó fi ìwé ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó parí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nọ́ńbà fóònù àti ìmeèlì tó fi sínú ìforúkọsílẹ̀ yín. Lọ́pọ̀ ìgbà, tirẹ̀ ni. Tí ilé-iṣẹ́ bàálù bá yí àkókò padà kí bàálù lè tètè gbéra, fóònù rẹ̀ ló ń dún, ó sì lè jẹ́ pé oorun ló ń sùn. Ẹ̀yin á dé sí àkókò tó wà lórí ìwé yín, bàálù á ti lọ, ẹ kò sì ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ ní kó fi nọ́ńbà tiyín sí i. Ẹ gba kóòdù olójú mẹ́fà tó dúró fún ìrìn-àjò yín, kí ẹ fúnra yín tẹ̀ ẹ́ sórí áàpù ilé-iṣẹ́ náà láti rí i pé orúkọ yín wà níbẹ̀ lóòótọ́, torí a ti ń gbọ́ ti àwọn tó ta ìwé lásán fún èèyàn.

Orúkọ náà gbọ́dọ̀ bá ti páàsípọ́ọ̀tù mu. Àwọn ìyàwó ilé ni mò ń bá wí jù níbí: orúkọ bàbá wà nínú páàsípọ́ọ̀tù, orúkọ ọkọ wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, káńtà á sì di kóòtù. Ẹ tún un ṣe nígbà tí ọjọ́ ṣì wà nílẹ̀. Ẹni tó ń lọ òkèèrè kó mú káàdì yẹ́lò dání, kó sì ti kọ ọ̀rọ̀ kún fọ́ọ̀mù ìjáde tí àjọ ìwọlé-wọ̀de gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti oṣù Karùn-ún ọdún 2025 kí ó tó kúrò nílé. Ìdí ìlà kọ́ ló yẹ kéèyàn ti máa wá dátà.

Tí ẹ bá fẹ́ wọ bàálù méjì, bí àpẹẹrẹ Àkúrẹ́ sí Èkó, kí ẹ tún wọ òmíràn ní Èkó lọ sí òkèèrè, ẹ wò ó bóyá tíkẹ́ẹ̀tì kan ló gbé méjèèjì. Tó bá jẹ́ ọ̀kan, tí àkọ́kọ́ sì pẹ́, ọrùn ilé-iṣẹ́ bàálù ló wà láti wá òmíràn fún yín. Tó bá jẹ́ pé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ rà wọ́n, ẹlẹ́ẹ̀kejì kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ohun tó dá àkọ́kọ́ dúró. Lójú rẹ̀, ẹ kò yọjú ni. Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi wákàtí díẹ̀ sí àárín wọn ní Èkó, pàápàá láàrin oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì tí ọyẹ́ máa ń bo ojú òfurufú. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, ojú ọjọ́ burú ní Èkó, ẹ̀rọ tó ń tọ́ bàálù sọ́nà láti balẹ̀ kò tíì ṣeé lò dáadáa, bàálù òkèèrè púpọ̀ sì lọ balẹ̀ sí Accra, èrò wọn há síbẹ̀. Tí Ààrẹ bá ń bọ̀ wá sí Èkó náà, ẹ máa gbọ́ ìròyìn láti alẹ́, torí ọ̀nà àti òfurufú lè jọ dí pọ̀.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti òkè, ti ìgbà tí ẹ̀bi bá jẹ́ tiwa ni. Ìgbà tó bá jẹ́ tiwọn, òfin wà, ó sì dùn mí pé àwa èrò kì í fi bẹ́ẹ̀ lò ó. Apá 19 nínú ìlànà àjọ NCAA, tó ń mójútó ìrìnnà ojú òfurufú ní Nàìjíríà, sọ pé tí bàálù abẹ́lé bá pẹ́ ju wákàtí kan lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín ní ìpápánu. Tó bá ti tó wákàtí méjì, ẹ lè ní ẹ kò lọ mọ́, kí wọ́n dá owó yín padà. Tó bá wọ aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́rin òru, ibi tí ẹ máa sùn àti ọkọ̀ tó máa gbé yín dé ibẹ̀ wà lọ́rùn wọn. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ dé lásìkò, tíkẹ́ẹ̀tì yín pé, wọ́n wá ní bàálù ti kún torí pé wọ́n ta àyè ju iye ìjókòó lọ, gbà-má-bínú ń bẹ lórí ìyẹn: ó kéré tán, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tíkẹ́ẹ̀tì fún abẹ́lé, ìdá 30 fún òkèèrè. Ẹni tó pẹ́ kò ní ìpín nínú èyí. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé kí ẹ tètè dé, kó lè jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ Lọ́ńdọ̀nù, òfin ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún wà fún yín. Tí bàálù bá gbéra láti Britain, bó jẹ́ ti Air Peace tàbí ti ẹlòmíràn, ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tó bá gbéra láti Ìkẹjà lọ síbẹ̀, àfi kó jẹ́ ilé-iṣẹ́ ti Britain tàbí ti Yúróòpù ló ni ín. Tó bá pẹ́ dé ju wákàtí mẹ́rin lọ, tí kì í sì í ṣe ohun tó kọjá agbára wọn, bí ojú ọjọ́, ló fà á, £520 ni owó gbà-má-bínú ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí ọ̀nà tó jìn tó èyí. Ọ̀pọ̀ ará wa kò béèrè rẹ̀ rí.

Kódà nígbà tí ẹ̀bi bá jẹ́ tiyín, tí wọ́n sì ní tíkẹ́ẹ̀tì yín ti jóná, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè dá owó orí àti owó pápákọ̀ tó wà nínú rẹ̀ padà, torí pé ẹ kò lo pápákọ̀ náà. Kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ló máa gbà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò béèrè ni kò ní rí nǹkan kan gbà.

Ẹ sá fún àwọn tó ń rìn kiri níwájú tẹ́mínà, tó ń sọ pé “àǹtí, ẹ mú owó wá, mo mọ ẹni tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé.” Káńtà tó ti tì kò ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Owó tí ẹ bá fún un nínú ìdààmú yẹn ti lọ nìyẹn, bí páàsípọ́ọ̀tù yín bá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di méjì. Káńtà tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tàbí áàpù wọn ni kí ẹ ti san owó, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Tí ẹ bá ní ẹ̀sùn, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù náà lẹ kọ́kọ́ ń kọ ọ́ sí, kì í ṣe Facebook. Ẹ fi kóòdù olójú mẹ́fà yẹn sí i, nọ́ńbà bàálù, ọjọ́, àti aago tí ẹ dé káńtà. Ẹ fi fóònù ya àwòrán pátákó tó ń sọ ìgbà tí bàálù máa gbéra, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì oúnjẹ àti hótẹ́ẹ̀lì tí ẹ fi owó ara yín san. Tí wọn kò bá dáhùn, tàbí tí ìdáhùn wọn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, àwọn òṣìṣẹ́ NCAA tó ń gbèjà èrò wà nínú tẹ́mínà gan-an. Ẹ béèrè ọ́fíìsì wọn kí ẹ tó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n á ní kí ẹ kọ orúkọ yín àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, pẹ̀lú aago, kí ẹ sì ya ìwé náà ní àwòrán kí ẹ tó fà á lé wọn lọ́wọ́.